Ohun Tí Ọ̀tá Bẹ̀rù Jù

Ọkọ̀ sójà fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé, Màmá sì ti mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Dírẹ́bà náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yọ orí síta láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀tá ńkọ́? Ṣé Ọ̀tá ti jẹun?"

Màmá ní òun kò bí ọ̀tá. Ó ní ọmọkùnrin méjì lòun bí, àwọn méjèèjì ló sì ń jagun fún ìlú yìí, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá tún dúró níwájú ilé òun tó pe àkọ́bí òun ní ọ̀tá, omi tí òun fi fọ abọ́ lòun máa dà sí i lára. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé tó bá di ọ̀la, á tún pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bi dírẹ́bà kọ́. Ọ̀tá ni gbogbo ayé ń pe àkọ́bí Màmá, tó jẹ́ mejọ̀ nínú iṣẹ́ ológun, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá sójà ní ètò ogun, orúkọ àpọ́nlé sì ni. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti yìnbọn títí ó ti sú wọn. Wọ́n ti jáde ní yunifásítì, wọ́n ti kó ọmọ ogun lẹ́yìn lọ sójú ìjà, wọ́n sì ti sin ọ̀rẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ìjọba wá kó wọn padà sórí bẹ́ǹṣì, pé kí wọ́n gboyè kejì nínú bí a ṣe ń gbèrò ogun, kí wọ́n má bàa máa fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ohun tí wọ́n lè fi ìwé kọ́. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dìde ṣe ọ̀tá, kí ó fọ́ ètò náà bó bá lè fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀tá ṣe tó mejọ̀ yìí. Ó ti fọ́ ètò àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí, ó sì ti fọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ débi tí onítọ̀hún kò fi bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Màmá dì í mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó rán bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tó tún ti fẹ́ já, nítorí pé láti ìgbà tí àwọn ọ̀tá ti dó ti ìlú tí Kékeré, àbúrò rẹ̀, wà, mejọ̀ kì í lè fi ọwọ́ sílẹ̀ lára bọ́tìnnì yẹn. Bó bá jókòó, ó ń yí i. Bó bá dúró, ó ń yí i. Oúnjẹ kì í wù ú jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í lè ka ojú ewé ìwé kan tán kó tó dìde lọ wo òde, bí ẹni tó ń retí àlejò.

"Kékeré ńkọ́ o?" Màmá fi eyín gé òwú. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń rìn dáadáa báyìí, Màmá. Wọ́n ní ó ti ju ọ̀pá nù."

Irọ́ ni. Dókítà kan tó bá ọkọ̀ òfuurufú tó kẹ́yìn jáde nínú ìlú náà ló wá fi ọ̀rọ̀ Kékeré tó o létí: egungun itan ọmọ náà ti ṣẹ́, ó wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kò lè dìde jókòó láìjẹ́ pé ènìyàn méjì gbé e. Mejọ̀ délé lọ́jọ́ yẹn, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga, oúnjẹ àná níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ọgbẹ́ kékeré ni. Ó ní ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Màmá jẹun lọ́jọ́ náà, ó sì sùn. Láti ọjọ́ yẹn ni irọ́ náà ti ń dàgbà, nítorí àràárọ̀ ni Màmá ń béèrè, ẹsẹ̀ tí kò bá sì sàn sí i lójoojúmọ́ á mú ìfura wá. Kékeré ti kúrò lórí ọ̀pá méjì bọ́ sórí ẹyọ kan, ó sì ti wá ju ẹyọ kan náà nù báyìí. Ó ku díẹ̀ kó máa sáré.

Ilé-ìwòsàn ojú ni ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀. Wọn kò rí àyè yọ pátákó tí wọ́n fi ń dán ojú ènìyàn wò kúrò lára ògiri, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi lókè tó sì ń kéré bọ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà abẹ́ pátákó yẹn ni tábìlì oníyanrìn wà. Tábìlì náà fẹ̀ tó ibùsùn mẹ́rin. Iyanrìn tútù ni wọ́n fi mọ òkè àti àfonífojì sórí rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni odò, igi pélébé tí wọ́n kùn sì ni àwọn ọmọ ogun.

Olùkọ́ àgbà wọn, arúgbó kan tó tín-ínrín tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pè ní Bàbá Kíni-Ẹ̀rí. Kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ níwájú rẹ̀ tí kò ní béèrè ẹ̀rí rẹ̀. Wọ́n ní bí ìyàwó rẹ̀ bá ní oúnjẹ ti jinná, á ní kí ni ẹ̀rí. Òun ló máa ń mú wọn búra lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, pẹ̀lú ọwọ́ lórí iyanrìn: "Ohun tí mo bá rí lórí tábìlì, n kò ní fi í pamọ́ fún tábìlì. Bí mo bá fi í pamọ́, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó bá bá a lọ wà lọ́rùn mi." Mejọ̀ ti búra yìí pẹ̀lú ohùn gbọnrangandan. Ìwé ìwádìí tó ń kọ láti gboyè pàápàá dá lórí bí àwọn ìlú tí wọ́n dó tì ṣe ń bọ́, ó sì ti kọ ọ́ jìnnà kí wọ́n tó dó ti ìlú tí àbúrò rẹ̀ wà. Láti ìgbà náà ni kò ti fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní òwúrọ̀ yẹn, ilẹ̀ tuntun ló wà lórí tábìlì. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: Bàbá kò ní sọ orúkọ ibẹ̀, á sì yí gbogbo rẹ̀ sódì, kí ọ̀tún di òsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìmọ̀ ojú ṣe é dípò ọgbọ́n orí. Òfin sì ni pé ẹni tó bá dá ilẹ̀ mọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá.

Ẹni tó gbé ètò kalẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Eré-Tete, ọkùnrin gíga kan tó ti ń darí ọkọ̀ ogun onírin láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò gbà pé ìṣòro kankan wà láyé tí ènìyàn kò lè fi eré sísá yanjú. Ó ṣàlàyé pé wọ́n ti dó ti ìlú pupa tó wà láàárín tábìlì. Ó ní òun máa kó àwọn ọkọ̀ onírin gba ojú títì, wọ́n á ré afárá àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n á ré ìkejì, wọ́n á sì wọ inú ìlú kí ọ̀tá tó nu oorun lójú.

Mejọ̀ tẹ ara síwájú láti wo afárá kejì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lára bọ́tìnnì. Afárá méjì lórí odò méjì tí kò jìnnà síra. Ilé-iṣẹ́ bíríkì kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí ihò èéfín rẹ̀ ga ju ilé yòókù lọ. Àbàtà gbalasa kan lẹ́yìn ìlú. Kékeré ti ṣàpèjúwe gbogbo rẹ̀ fún un nígbà tó wá sílé gbẹ̀yìn, bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀fọn inú àbàtà yẹn tóbi débi pé àwọn ń fún wọn ní ipò sójà. Ó yí i padà lọ́kàn ara rẹ̀, òsì di ọ̀tún, ó sì rí ìlú náà kedere bí ojú ẹni nínú dígí. Kódà ó mọ ibi tí ilé ìfìwéránṣẹ́ máa wà.

Ó ye é pé kì í ṣe ìdánwò ni wọ́n ń ṣe, ètò tí wọ́n fẹ́ fi gba ìlú náà sílẹ̀ gan-an ni.

Wọ́n fún un títí di ọ̀túnla láti ṣètò bó ṣe máa ṣe ọ̀tá, wọ́n sì ní Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ máa wá wòran. Ìsinmi di ẹtì fún un. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn yẹn títí olùtọ́jú ilé fi bi í bóyá ó ní ohun tó sọnù. Bó bá ní òun dá ilẹ̀ mọ̀, wọ́n á lé e jáde, ẹlòmíràn tí kò gbówọ́ tó o á ṣe ọ̀tá, ètò Eré-Tete á sì yege. Ìyẹn ni pé wọ́n á lọ gba Kékeré sílẹ̀. Bó bá dákẹ́ tó sì ṣe ọ̀tá bí ọ̀lẹ, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ máa já sí. Ta ló tiẹ̀ sọ pé ọ̀tá tòótọ́ gbọ́n tó òun? Bóyá òpè ni wọ́n. Bóyá wọn kò ní rántí afárá kejì rárá.

Ó rò ó títí, orí ń fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ gbà, ojú àwọn ọmọ tó máa wà nínú ọkọ̀ onírin wọ̀nyẹn á yọ sí i. Ó mọ púpọ̀ nínú wọn. Ó ti kọ́ àwọn kan.

Ó lọ bá Bàbá nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, ó ní ara òun kò yá. Bàbá wúkọ́, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó béèrè ẹ̀rí àìsàn náà. Mejọ̀ kò rí ẹ̀rí kankan mú wá. Bàbá ní kó lọ múra sílẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gágun dé pẹ̀lú ojú tó ti wú nítorí àìsùn, ó jókòó sórí àga tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Eré-Tete ti àwọn igi rẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọ̀pá gígùn. Mejọ̀ jẹ́ kó ré afárá àkọ́kọ́ kọjá láìyin ìbọn kan. Ojú Eré-Tete dán. Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ti wà láàárín odò méjèèjì, mejọ̀ na ọwọ́ kan, ó yọ afárá kejì kúrò. Ó na ọwọ́ kejì, ó yọ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìbọn ńlá rẹ̀ lé orí òkè tó wà lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ bíríkì. Ìjà náà kò gùn ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan.

Eré-Tete fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀. "O ti pa gbogbo wa," ló sọ. Inú kò bí i rárá, ojú rẹ̀ kàn rẹ̀wẹ̀sì.

Ọ̀gágun fi ọwọ́ pa ojú. Ó ní èyí ni ètò tí àwọn gbójú lé, àwọn kò sì ní òmíràn. Mejọ̀ rò pé ó ti parí. Ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́, nítorí ó ti ṣe òótọ́, kò sì tíì sọ ohun kan tó kan Kékeré ní tààràtà. Ó ti ń wá fìlà rẹ̀ nígbà tí Bàbá wúkọ́.

Ó ṣẹ́ ku àṣà kan. Lẹ́yìn gbogbo ìjà, ẹni tó ṣe ọ̀tá gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bẹ̀rù jù ní gbogbo ìgbà tí ìjà ń lọ. Bàbá gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, àti pé ìyókù kàn jẹ́ eré iyanrìn.

"Ọ̀tá, kí lo bẹ̀rù?"

"Òjò ni, sà."

"Kí ni ẹ̀rí?"

Bàbá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí igi dúdú mẹ́ta wà létí àbàtà, àwọn ọmọ ogun ọ̀tá tí mejọ̀ ti tò síbẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ìjà ń lọ lórí afárá, o kò pè wọ́n. Wọn kò tiẹ̀ kọjú sí afárá. Ta ni wọ́n ń dúró dè?"

Mejọ̀ wo àwọn igi náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé wọn síbẹ̀. Lóòótọ́, kò rántí ìgbà tó ronú nípa wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí ó ti mọ ọ̀tá ṣe jù. Gbogbo ojú ń wò ó. Ó lè parọ́. Ó lè ní àṣìṣe ni. Ọwọ́ rẹ̀ wá bọ́tìnnì, ó bá a, ó sì fà á já.

"Àwọn ọmọ ogun inú ìlú ni wọ́n ń dúró dè, sà. Mo ń bẹ̀rù pé wọn kò ní retí ẹnikẹ́ni. Pé wọ́n á fi ìbọn ńlá sílẹ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á gba inú àbàtà fẹsẹ̀ rìn jáde. Ọkọ̀ mi kò lè lé wọn níbẹ̀. Bí mi ò bá kó àwọn mẹ́ta yìí síbẹ̀, gbogbo wọn á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọ̀gágun dìde lórí àga. "Ọ̀tá tòótọ́ kò kó ẹnikẹ́ni síbẹ̀," ló sọ, kó tó rántí pé kò yẹ kí òun sọ ọ́. Kò sì kó o jẹ mọ́. Ó sún mọ́ tábìlì. "Àwọn tí kò lè rìn ńkọ́?"

"Wọ́n á dúró, sà. Ẹni tó bá lè fa ìbọn lórí ìdùbúlẹ̀ á máa fà á, kí wọ́n lè rò pé ìlú ṣì kún. Láìsí wọn, àwọn tó ń rìn kò ní jìnnà."

"Kí ni ẹ̀rí pé wọ́n á gbà?" Bàbá ló béèrè.

"Àbúrò mi wà lára wọn, sà. Itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Á gbà."

Eré-Tete yí ojú sí ògiri, ó ń wo pátákó lẹ́tà bí ẹni tó fẹ́ kà á. Bàbá ní ó yẹ kí òun ti lé mejọ̀ jáde kúrò nínú yàrá yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mejọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀gágun jáde lọ bá rédíò tó fi ń bá àwọn tó wà nínú ìlú náà sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mejọ̀ kò lè dúró níbì kan. Ó délé, ó jáde. Màmá béèrè ẹsẹ̀ Kékeré, ó ní ó dára, ó sì yára bọ́ síta. Ó ń gbọ́ rédíò títí tí etí rẹ̀ fi ń hó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìròyìn náà jáde, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí dírẹ́bà ń gbé e bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́: àwọn ọmọ ogun tó wà nínú ìlú tí wọ́n dó tì ti gba inú àbàtà jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn. Ìbọn ń dún nínú ìlú ní gbogbo òru tí wọ́n fi ń rìn. Nígbà tó di òwúrọ̀, ó dákẹ́. Rédíò kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìbọn náà, ó sì gbé orin sí i. Dírẹ́bà ń fọwọ́ lu ọkọ̀ fún ìdùnnú, àfìgbà tó wo ẹ̀yìn tó rí ojú ẹni tó gbé.

Ẹnu ọ̀nà ló ti bá Màmá, lórí àpótí, pẹ̀lú bàtà Kékeré nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó ti fi òróró pa ti ọ̀tún, ó ń nu ti òsì. Kò dìde. Ẹ̀rín kún ojú rẹ̀ débi pé ó dà bí ọmọge.

"Mo gbọ́ ọ. Ará ilé kejì ló sáré wá sọ fún mi, mo tún wá gbọ́ ọ fúnra mi. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sàn kó tó di àkókò yìí. Ẹsẹ̀ tó rìn nínú àbàtà máa fẹ́ bàtà tó gbẹ."

Mejọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí bọ́tìnnì wà tẹ́lẹ̀, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é débi pé ó fẹ́ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọ̀la á béèrè bàtà, á béèrè ọjọ́ tó ń bọ̀, á béèrè ohun tó máa jẹ.

"Màmá, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò rìn rí láti ọjọ́ tó ti gbọgbẹ́. Itan rẹ̀ ló ṣẹ́."

Màmá ṣì ń nu bàtà. Aṣọ náà lọ, ó bọ̀ lórí awọ bàtà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró.

"Àwọn tí kò lè rìn," ló sọ. "Ta ló ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

Kò sunkún, kò sì wò ó. Ó nu ojú bàtà òsì tán, ó so okùn rẹ̀ mọ́ ti ọ̀tún, ó sì gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó ti máa ń wà.